Orúkọ Tí Bíríkìlà Sọ Ọmọ Rẹ̀

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìyá mi fi sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ibùdókọ̀ ojú irin. Òun ló ń sọ fún èrò pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra, òun ló ń bẹ̀ wọ́n bí ọkọ̀ bá pẹ́, òun náà ló sì ń kéde bí ọmọ kan bá sọnù tàbí bí ẹnì kan bá gbàgbé ẹrù rẹ̀ sórí àga. Àwọn tí kò rí ojú rẹ̀ rí mọ ohùn rẹ̀. Bó bá lọ ra búrẹ́dì, tó sì kí oníbúrẹ́dì pé ẹ káàárọ̀, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á yíjú padà wò ó bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Olóhùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwa ọmọ rẹ̀ sì ń fi í yangàn bí ẹni pé ọ̀fun tiwa ni ohùn náà ti ń jáde.

Iṣẹ́ yẹn ló jẹ́ kó ní èrò tirẹ̀ nípa orúkọ, pàápàá orúkọ ọmọbìnrin. Ó ní ẹni tí kò bá tíì pe orúkọ láàárín ariwo ẹgbẹ̀rún èèyàn kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ orúkọ. Àwọn ti àtijọ́ ló fẹ́ràn. Ó ní Àpèkẹ́ máa ń gòkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, pé Títílayọ̀ máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀, pé bí èèyàn bá pe Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó ń tòògbé ní ìpẹ̀kun ibùdókọ̀ á la ojú. Àmọ́ àwọn tuntun tí àwọn òbí ń hun jọ lójoojúmọ́, ó ní gbólóhùn ni wọ́n, wọn kì í ṣe orúkọ. Kéèyàn tó pè wọ́n tán, ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé wa, kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Àǹtí Aránṣọ la máa ń pè é. Ní tirẹ̀, ọmọbìnrin tó bá ń jẹ́ orúkọ tí àwọn mẹ́fà mìíràn ń jẹ́ dà bí ẹni tó dé òde, tó rí i pé irú aṣọ tí òun wọ̀ ni gbogbo ilé wọ̀. Ó ní ìwé kan tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, Títílayọ̀ méje ló sì wà nínú rẹ̀. Títílayọ̀ alápá gígùn wà níbẹ̀. Títílayọ̀ ìyàwó oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀. Títílayọ̀ tí kì í dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n náà wà níbẹ̀. Bí ìyá mi bá sọ pé orúkọ tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, dídára rẹ̀ ló mú kó pọ̀, Àǹtí á dáhùn láìgbé ojú kúrò lórí máṣìnnì pé ẹ̀fọn náà pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bára wọn fà á nìyẹn fún ọdún púpọ̀. Kò sí ẹni tó borí, kò sì sí ẹni tó rẹ̀.

Ọdún kejì tí ìyá mi fẹ̀yìn tì, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní òpin òpópónà wa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ka orúkọ àwọn ọmọbìnrin tó ń gba ìwé ẹ̀rí. Ó ṣàlàyé pé lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ kan ló kà á. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ orúkọ náà láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, olùkọ́ náà sì pe orúkọ ọmọ kan lọ́nà tí gbogbo gbọ̀ngàn fi bú sẹ́rìn-ín. Ẹkún ni ọmọ náà ń sun nínú fọ́tò rẹ̀ títí dòní.

Ìyá mi gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní pe orúkọ tí òun kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ, a lọ jókòó sí kíláàsì kan tó ń run oògùn ìfọwọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun èèyàn oníke kan tí wọ́n gbé kọ́ sórí irin. Mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí n lè bá a di ìwé mú. Ọmọbìnrin mọ́kànlélógójì ló wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kan àti nọ́ńbà ni ilé ẹ̀kọ́ náà kọ fún olúkúlùkù wọn, orúkọ yẹn sì ni oníkálùkù pè fún wa lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi ń fi bírò pupa sí àmì. Bí ọmọ kan bá pe orúkọ àtijọ́, ojú rẹ̀ á tàn, á tún un pè bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò. Bó bá jẹ́ tuntun, á gbé itọ́ mì, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Títílayọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kò wò mí lójú nígbà tí ẹni kẹta wọlé, torí ó mọ̀ pé mo máa sọ fún Àǹtí.

Ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ fa etí àpò aṣọ rẹ̀. Wọ́n kọ "Dára" síwájú nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá mi ní orúkọ tó rọrùn nìyẹn, ó sì béèrè bóyá bó ṣe pé nìyẹn. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì pè é ní Ìpìlẹ̀.

Ìyá mi gbé bírò sílẹ̀. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó sì wá sọ ọ́. Ìpìlẹ̀dára ni orúkọ tó wà lórí ìwé ìbí rẹ̀. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Ìpìlẹ̀ Ilé, wọ́n ń pè é ní Sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń bi í léèrè yàrá mélòó ló ní. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó gé ìdajì rẹ̀ jù nù, ó sì ń jẹ́ Dára, orúkọ tó rí bí ti ọmọ tí wọ́n fi mọ́tò gbé wá síléèwé. Ó bẹ ìyá mi pé kó jọ̀wọ́ má ṣe pe ìyókù.

Ìyá mi sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. "Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ló ni ín," ló wí. "Dára ni màá pè."

Kì í ṣe ìfẹ́ ọmọ náà nìkan ló mú kó gbà kíákíá. Nígbà tí à ń padà lọ sílé, ó sọ fún mi pé ara òun balẹ̀. Ó ní ta ló ń mú ọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́ bíríkìlà sọ ọmọbìnrin, pé irú rẹ̀ gan-an lòun ti ń bá ẹ̀gbọ́n òun wí láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí gbọ́, ńṣe ló dá máṣìnnì dúró. Ó ní kí n tún orúkọ náà pè. Ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ́ gàdàgbà sórí tábìlì, ó ní nínú gbogbo ogójì ọdún tí òun ti ń kọ ìwọ̀n obìnrin, òun kò tíì kọ irú rẹ̀. Títí a fi jẹun tán, wọn kò dẹ́kun.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn wa. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, sìmẹ́ǹtì gbígbẹ sì wà lára irun apá rẹ̀. Ó bọ́ bàtà síta, ó nu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò gbà láti jókòó sórí àga tó ní tìmùtìmù. Àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló fà. Ó ní Olóhùn lòun ń wá. Ó ń pariwo sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ kò bínú.

Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ ní sùúrù. Òun ni bàbá ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n fẹ́ pe orúkọ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ọgbọ̀n ọdún lòun ti fi dúró ti ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré. Etí ọ̀tún òun ti kú, ti òsì sì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òun ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, ohùn ìyá mi nìkan ló máa ń dé ọ̀dọ̀ òun láìjẹ́ pé òun bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìgbà tí òun gbọ́ pé Olóhùn ni yóò pe orúkọ, òun fò fún ayọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló wá bẹ̀. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n fi àwọn òbí sí, gbogbo ọmọ ni yóò sì wọ aṣọ funfun kan náà pẹ̀lú fìlà. Láti ọ̀nà jíjìn, òun kò ní dá tòun mọ̀. Kí ìyá mi jọ̀wọ́ pe Ìpìlẹ̀dára kó já gaara, kí òun lè dìde nígbà tó yẹ kí òun dìde.

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sọ ohun tí ọmọ náà sọ fún wa. Ó kàn béèrè, ní ohùn òkè kí ọkùnrin náà lè gbọ́, pé báwo ni orúkọ náà ṣe dé.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní lébìrà nígbà yẹn ni, wọ́n wá fún mi ní ìpìlẹ̀ kan láti ṣe, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ àbàtà ni. Ẹni méjì ti ṣe é ṣáájú mi, méjèèjì ló rì. Mo ní a ò ní fi búlọ́ọ̀kù kankan lélẹ̀ títí a ó fi kan ilẹ̀ líle. Ọjọ́ mẹ́rin la fi gbọ́n omi. Àwọn àgbà ibi iṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kànga ni mò ń gbẹ́. Nígbà tá a parí, ẹnjiníà wá, ó fi irin lù ú káàkiri. Ó wá nàró, ó ní, 'Ìpìlẹ̀ yìí dára.'"

Ó fi àtàńpàkò ha sìmẹ́ǹtì kúrò lára èékánná rẹ̀, ó rántí ibi tó wà, ó sì kó ìyẹ̀fun náà sínú àpò.

"Mà, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnì kankan ò tíì wo nǹkan tí mo fi ọwọ́ mi ṣe kó ní ó dára. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wá sọ fún mi pé ìyàwó mi ti bímọ obìnrin. Mi ò ní nǹkan míì tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mo lè fún un."

Ìyá mi béèrè ilé tí wọ́n kọ́ sórí ìpìlẹ̀ náà. Ó ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà létí odò ni.

Èmi ni mo mí kanlẹ̀. Ilé ìwé yẹn ni mo lọ, odidi ọdún mẹ́fà. Gbogbo wa ní àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ilé tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ti ya láti òrùlé dé ilẹ̀, débi pé èèyàn lè ki ọwọ́ bọ ọ́. Tiwa kò ní ilà kan lára. Kò sì sí ìgbà kan tí mo bi ara mi léèrè ẹni tó dúró nínú omi kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi sìn ín dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ohun tó ṣèlérí fún un kò ju pé òun yóò pe ọmọ rẹ̀, òun kò sì ní pè é ní ìpèkúpè. Nígbà tó padà wọlé, ó jókòó sórí àga onígi yẹn. Mo gbọ́ tó ń pe orúkọ náà sábẹ́ ẹnu, ìró kan tẹ̀ lé òmíràn, bó ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un bí ọkọ̀ tuntun bá ń bọ̀ láti ìlú tí kò pè rí.

"Ó wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta," ló sọ fún mi, "kó tó wá fò sókè. Mi ò gbọ́ ọ dáadáa nígbà àkọ́kọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà wá sọ́dọ̀ Àǹtí kí wọ́n bá a gé aṣọ funfun rẹ̀ kúrú. Orí àpótí ló dúró sí, tí Àǹtí ń fi abẹ́rẹ́ mú etí aṣọ náà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, nígbà tí ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bí bàbá rẹ̀ ṣe wá, ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún, àti ohun tó sọ nípa ẹnjiníà. Ó ní òun kò tú àṣírí rẹ̀, òun kò sì ní tú u. Ọmọ náà mọ ìtàn ilé ìwé náà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì sọ fún un rí pé kò sẹ́ni tó tíì yin òun ṣáájú ọjọ́ yẹn. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun á rẹ́rìn-ín, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni ọjọ́ náà.

"Ẹ má bínú, mà. Dára ni kí ẹ pè."

Ìyá mi ní ó dára. Àǹtí, ẹni tí mo rò pé yóò jà fún orúkọ náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, bọ́ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó sì ní kí àbúrò òun fi ọmọ náà sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ ló mọ ibi tó ti fún un. Ìyá mi gòkè lọ, mo sì mọ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pé inú rẹ̀ kò dùn.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi wọ kóòtù búlúù tó fi ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, ó sì dúró nídìí máíkì ní ẹ̀gbẹ́ pèpéle, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbé àga fún un. Èmi àti Àǹtí jókòó sí ẹ̀yìn, a sì rí bàbá náà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé ó dúró gan-an. Fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún.

Mi ò lè sọ bí ìyá mi ṣe pe àwọn orúkọ wọ̀nyẹn kó yé ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àtijọ́ o, tuntun o, kò fojú di ọ̀kankan. Ó pe Títílayọ̀ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dún bákan náà, torí ó rántí bí oníkálùkù ṣe pè é fún un. Orúkọ kan tó gùn bí òpópónà, irú èyí tó máa ń mú un gbé itọ́ mì, ó gbé e jáde ní èémí kan, àwọn òbí ọmọ náà sì di ara wọn mú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Orí mi wú. Àǹtí gan-an ti gbàgbé láti máa ka àwọn orúkọ tó jọra.

Nígbà tó kan ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n, ó pe nọ́ńbà rẹ̀. Ó wá pe "Dára," gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí, ó sì pè é dáadáa.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà gun àtẹ̀gùn pèpéle, ó gbójú sókè, ó sì wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Àwa náà wò ó. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ há ẹ̀yìn etí òsì, ó na ọrùn, ó ń dúró. Kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ìlà àwọn tí wọn kò tíì pè, ó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín wọn.

Ọ̀gá àgbà ti na ìwé ẹ̀rí sí i. Ọmọ náà kò gbà á. Ó yà lọ sídìí máíkì, ìyá mi sì fi ọwọ́ bo ẹnu máíkì náà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ, wọ́n sì sọ fún wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún mi pè. Ẹ pè é pé."

Ó sọ̀ kalẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó dúró. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu máíkì. Ó pe nọ́ńbà rẹ̀. Ó wá pe Ìpìlẹ̀dára.

Ó rọra tò ó láti ìsàlẹ̀, kò kánjú, ó sì jẹ́ kó dìde ní òpin rẹ̀, ó gbòòrò, ó mọ́, ó kan ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀rín kékeré kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú orí tó gbé sókè, ẹ̀rín náà kò sì rí ibi dúró sí. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, bàbá rẹ̀ ti dìde. Fìlà rẹ̀ já bọ́, kò mọ̀. Ó nàró ṣánṣán bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n pè.

"Èmi ni bàbá ẹ̀," ló wí, bóyá fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́. Ìgbà yẹn ni àtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, Àǹtí sì lo etí aṣọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán láti nu ojú.

Lẹ́yìn ayẹyẹ, Àǹtí sọ fún ìyá mi pé ó ti wá sí ẹ̀yìn òun níkẹyìn, ó ti fẹ́ràn orúkọ tuntun. Ìyá mi ní irọ́ ni, òun kò yẹsẹ̀. Ó ní orúkọ yẹn kì í ṣe tuntun.

"Ọdún méjìlélógún rèé," ló wí, "kò sì tíì ya."

Bàbá náà wá dúpẹ́, ó di ọwọ́ ìyá mi mú láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní òun gbọ́dọ̀ máa lọ, torí wọ́n fẹ́ da kọnkéré níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, wọn kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí òun. Ọmọ rẹ̀ ní òun á sìn ín dé ibi ọkọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é pé kó wá ya fọ́tò. Ó ní òun ń bọ̀. A dúró lẹ́nu géètì, à ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ lójú pópó, òun nínú aṣọ funfun gbòò, bàbá rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó gbó. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ni bàbá náà ń dá dúró. Ó ń sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó béèrè, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò béèrè, pẹ̀lú ohùn tó dé ọ̀dọ̀ wa níbi tá a wà. Ọmọ náà kò fa ọwọ́ rẹ̀ pé kó máa bọ̀. Ó ń dúró tì í títí yóò fi sọ ọ́ tán.